Tíì Tútù Nídìí Àtẹ: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé

      

Àwọn tí kò lè wá sípàdé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń mu nídìí àtẹ ni.

Ní ọdún 2023, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń ka owó oníbàárà kan lọ́wọ́ ni òòyì kọ́ mi. Owó dà sílẹ̀, èmi náà sì jókòó sílẹ̀ gbì. Àwọn tí a jọ wà ní ìlà mọ̀ ọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, òǹgbẹ kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo bá ti mu omi tán, òmíràn ni. Lóru, bí mo bá sùn, màá dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí o.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n gún ìka mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọdé ni, àmọ́ ó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Màmá, ṣúgà yín ti ga gan-an. Kí lẹ máa ń mu lọ́jà?" Mo ní mínírà ni. Ó ní mélòó? Mo ní ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nígbà tí oòrùn bá mú, ọ̀kan nígbà tí mo bá ń palẹ̀ mọ́. Kò bá mi jà. Ó mú ife kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣúgà sí i pẹ̀lú ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì. Ó bu 1, ó bu 2, títí ó fi bu 8. Ó bomi sí i, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Ẹ mu ún, Màmá." Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló lè mu irú èyí?" Ó ní, "Ohun tí ẹ ń mu lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìgò mínírà kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó ṣíbí 8, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé sì sọ pé bí a bá fẹ́ kí ara wa le dáadáa, kí gbogbo ṣúgà tí à ń fi sí nǹkan lójúmọ́ má ju nǹkan bí ṣíbí 6 lọ. Kódà ìjọba àpapọ̀ gan-an fi owó orí ₦10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, nítorí ṣúgà yìí náà ni. Ẹ wá wo iye tí èmi ń mu.

Dókítà fún mi ní oògùn, ó ní mínírà di èèwọ̀. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ oòrùn ọjà. Omi lásán máa ń sú èèyàn. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Òṣogbo ló wá ra páálí gíríìn-tíì wá fún mi. Ó ní, "Màmi, ẹ máa ṣe é ní tútù, kí ẹ máa gbé e lọ́wọ́ lọ sọ́jà."

Èmi náà gbé e kaná. Mo fi ọmọ tíì 6 sínú ìkòkò, mo jẹ́ kó hó gùdùgùdù bí àgbo ibà. Háà! Ó korò ju dóńgóyárò lọ. Mo pè é, mo ní irú ẹ̀bùn wo ni o fún mi yìí? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmi, kì í ṣe àgbo. A kì í se é."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ gíríìn-tíì. Igi kan náà ló ń so ewé tíì pupa tí a mọ̀ sí Lípítónì àti gíríìn-tíì. Ti pupa, wọ́n á ká ewé, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn mú un títí yóò fi dúdú. Ti gíríìn, bí wọ́n bá ti ká a ni wọ́n ń fi iná tàbí ooru omi mú un kíá, kó má baà dúdú. Ìdí tó fi tutù lójú nìyẹn. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Màlì ń mu ti Ṣáínà yìí lójoojúmọ́, wọ́n á fi ewé olóòórùn dídùn àti ṣúgà sí i. Nàìjíríà wa náà ń gbin tíì, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn náà sì wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí igi tíì.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ ìkòkò, ẹ fọ ìgò, ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìgò náà. Ẹ má lo ìgò tí wọ́n ṣà nínú gọ́tà.

Píọ̀wọ́tà 2 jẹ́ lítà kan, bí ẹni tó rọ ọ́ kò bá rẹ́ wa jẹ. Ẹ gbé ọ̀kan kaná kó hó dáadáa. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 5. Omi tó ń hó lọ́wọ́ ló ń mú kó korò, ibẹ̀ ni èmi ti ṣìṣe. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ju ọmọ tíì 4 sí i. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, ẹ yọ ọ́. Ẹ má fún un bí ẹni fún ọ̀gì. Bí ẹ bá fún un, ìkorò inú rẹ̀ yóò jáde.

Nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da píọ̀wọ́tà kejì, tó ti tutù, sí i. Omi tó mọ́, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ni kí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ omi kànga, ẹ ti kọ́kọ́ se gbogbo rẹ̀ láti alẹ́ kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i. Ẹ lè rẹ́ atalẹ̀ sí i. Ewé efinrin 2 tàbí 3 tí a fọ̀ dáadáa náà máa ń jẹ́ kó ta sánsán. Ó parí.

Ẹni tó bá ní fíríìjì tí iná sì wà, ó lè má dáná rárá. Kó ju ọmọ tíì 4 sínú lítà kan omi tó ti sè tó sì ti tutù, kó gbé e sínú fíríìjì lálẹ́, kó yọ ọmọ tíì náà láàárọ̀. Èyí kì í korò rárá. Àmọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì o, inú fíríìjì nìkan ni.

Ẹni tí kò rówó gíríìn-tíì, ẹ má bínú. Koríko ọba tó wà lẹ́yìn ilé wa, ṣebí ewé tíì ni à ń pè é? Ẹ já ewé bí 10, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú lítà kan omi fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ìyẹn, sísè ni wọ́n ń sè é ní tirẹ̀. Kì í gba oorun lójú èèyàn bíi gíríìn-tíì.

Nísinsìnyí, yìnyín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Yìnyín kì í pa kòkòrò àìsàn. Ó kàn ń mú un sùn ni. Bí ó bá dé inú wa, yóò jí. Ẹni tó bá se omi rẹ̀ dáadáa, tó wá fọ́ yìnyín tí kò mọ orísun rẹ̀ sí i, ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ó fi tòsì wó o. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé bí iná bá wà lálẹ́, màá gbé píọ̀wọ́tà 4 tí a kò tíì já sínú fìrísà kó dì. Láàárọ̀, màá tò ó yí ìgò tíì mi ká nínú kùlà, màá fi tówẹ̀lì bò ó. Títí di ìrọ̀lẹ́ ó ṣì tutù. Bí píọ̀wọ́tà náà bá sì yọ́, omi mímu ni.

Bí iná kò bá sí ńkọ́? Àwọn ìyá wa kò ní fíríìjì, àmù ni wọ́n ní. Olùkọ́ kan wà ní ilẹ̀ Háúsá, ní Jigawa, Mohammed Bah Abba lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, ó kó iyanrìn tútù sáàárín méjèèjì, ó fi aṣọ tútù bò ó lórí. Bí omi inú iyanrìn bá ṣe ń gbẹ ni inú ìkòkò ń tutù. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Wọ́n ròyìn pé ìgbá tó ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 lè pẹ́ tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ẹ̀yin oníìgbá àti aláta, ẹ gbọ́ bí? Ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún un. Nígbà òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kí n tó jókòó. Tíì yìí kì í wo àtọ̀gbẹ sàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé mo ní kó da oògùn nù, irọ́ lẹ pa mọ́ mi. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ó gba ipò mínírà. Bí ẹ bá wá da ṣúgà kún un, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Oyin náà, ṣúgà ni fún alátọ̀gbẹ. Ẹ má sì fi oyin sí ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ má fi gíríìn-tíì ti oúnjẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pàápàá aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, nítorí kì í jẹ́ kí ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ wọlé sára dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ fi sílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹni tó ń lo oògùn, kó bi dókítà rẹ̀. Ẹ sì mu èyí tí ẹ gbé wá sọ́jà tán lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti kan tàbí tó ń hó, ẹ dà á nù.

Ẹni tó bá fẹ́ máa rọ ọ́ sí ìgò tà, kó mọ̀ pé tí a bá lẹ orúkọ mọ́ nǹkan tí a ń gbé káàkiri, NAFDAC ló ń fúnni níwèé rẹ̀. Kó kọ́kọ́ wá bá wa lọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì wà lọ́kàn mi jù. Ní ọdún 2025, nígbà tí wàhálà ilẹ̀ dé sáàárín wa, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé, ẹ rántí bí ọjà ṣe dá páropáro. Èmi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi, n kì í ṣe adájọ́. Oníbàárà mi kan wà tí a ti jọ ń ra, tí a jọ ń tà, ó lé ní ogún ọdún. Ìlú rẹ̀ kọ́ ni ìlú mi. Nígbà tí ọ̀nà là, ó wá. Ó dúró níwájú àtẹ mi, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ṣí kùlà, mo bu tíì sínú ife. Mo kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe kí wọ́n tó bu omi fún àlejò, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo wá gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó wo ife náà, ó wò mí, ó gbé e mu. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò fi ṣúgà sí i." Ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ra ọjà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé Erinlẹ̀ ni Ìlobùú, ilé Òrìṣà Olúfọ́n ni Ìfọ́n. Omi tútù ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àlejò níbẹ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí kùlà wa tó fún ẹni méjì. Ẹni tó bá ń bọ̀ nínú oòrùn, ẹ bu fún un kí ẹ tó bi í pé ìlú wo ló ti wá.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá gbé lítà 5 wá, tí ẹ óò fi tọ́ ọ wò. Kí oníkálukú mú ife tirẹ̀ dání o, mi ò ní fọ ife ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀jẹ̀ wa ò ní di ẹ̀jẹ̀ àìsàn. A ò ní fi owó ọjà sanwó ọsibítù. Ọjà wa ò ní tú mọ́.