Ẹni Eji Bá Rí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba Lórí Ṣíṣe Ìṣirò Ewu Àjálù ní Ẹdẹ

Ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ láti ronú lórí bí a ó ti dín ewu àjálù kù, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀yin ọmọ Ẹdẹ fi ránṣẹ́ pè mí. Ìtumọ̀ ìṣirò ewu àjálù kò ní gbà wá lákòókò: ohun tó lè ṣeni ní ibi, àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, àti bí apá wọn ti ká a tó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń wò pọ̀.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní òjò kì í bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa, nítorí náà kí ẹ̀dá má ṣe ìṣirò ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbà fún wọn, nítorí ohun tí mo fojú ara mi rí ní Ìbàdàn. Ní 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò bí ẹni gbé igbá, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Nígbà tí omi fà, tí àwa kan lọ wo etí odò, a rí àkísà, agolo, ẹ̀ka igi àti àwókù mọ́tò tí wọ́n há sábẹ́ afárá títí tí omi kò fi rọ́nà gbà. A rí ìpìlẹ̀ ilé tí a ti kọ́ wọ ojú ọ̀nà odò gan-an. A sì rí ìlà ẹrẹ̀ pupa lára ògiri kan, tó ga ju orí àgbàlagbà lọ. Ta ló da pàǹtí sódò? Ta ló fọwọ́ sí ilé náà? Ògùnpa ti ṣe irú rẹ̀ ní 1978, a kò fi ṣọgbọ́n. Nígbà tó sì di 26 oṣù Ògún, ọdún 2011, omíyalé tún gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn kan náà. Ẹni tí eji rí ni ẹni tí a jẹ́ kó kọ́lé sójú ọ̀nà eji.

Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn kọjá lọ́dọ̀ wa ní Ẹdẹ níbí, odò Erinlẹ̀ náà ń bẹ, dáàmù tó wà lórí Erinlẹ̀ ló sì ń fún àwa àti Òṣogbo lómi. Lọ́dọọdún ni àjọ tó ń ṣọ́ omi ilẹ̀ wa ní Àbújá máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ̀kún omi lè dé. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìwé náà kò mọ ilé ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó ń dá sùn nítòsí odò. Àwa la mọ̀ ọ́n. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ sí agboolé tó wà létí odò, kí wọ́n bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí omi dé lọ́dún tó kún jù, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sára ògiri, kí wọ́n ka ilé tó wà nísàlẹ̀ àmì náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tí kò lè sáré. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń dúró kí òjò ṣú kí ẹ tó da pàǹtí sí gọ́tà, tí ẹ ní omi yóò gbé e lọ, ọ̀nà ẹnu ilé aládùúgbò yín ni ó ń gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Omi nìkan kọ́ ni ewu wa. Nípa ìjì, tó máa ń ṣí òrùlé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dé, ẹ kan páànù yín mọ́ igi dáadáa, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tó rọ̀ sórí ilé.

Iná ọyẹ́ ló kù: kí àgbẹ̀ tó tiná bọ oko, kó kọ́kọ́ ro ẹ̀bá rẹ̀ yíká, kó sì wí fún ẹni tí oko wọn jọ pààlà.