Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Ọn? Èsì Ìdánwò àti Irú Ọmọ Tó Wà ní Ilé-Ìwé Charter



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Nàìjíríà ní Houston na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán tí ó yà ló wà níbẹ̀: aṣọ ńlá kan tí ilé-ìwé girama charter kan ta mọ́ ògiri ọgbà wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé 100 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń jáde ni yunifásítì ti gbà. Bàbá náà ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ forúkọ ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀?” Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mélòó ló jọ bẹ̀rẹ̀?” Ó wò mí bí ẹni tí mo da omi tútù sí lára.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ilé-ìwé charter kì í ṣe ilé-ìwé aládàáni. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é, òbí kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan ló ń darí rẹ̀, tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn á kọ́ ọmọ dé ibi báyìí-báyìí. Tí wọn kò bá débẹ̀, àwọn tó fún wọn ní ìwé náà lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1991, Texas ṣe tirẹ̀ ní 1995. Houston tí a jókòó sí yìí ni ọ̀dọ́ olùkọ́ méjì, Mike Feinberg àti Dave Levin, ti bẹ̀rẹ̀ KIPP, tó di ẹgbẹ́ ilé-ìwé charter lẹ́yìn náà, ní 1994. Bí àwọn tó ń wá àyè bá pọ̀ ju àga lọ, wọ́n á ṣẹ́ gègé. Ọmọ tí gègé bá mú, ó wọlé nìyẹn.

Ó yá, ẹ padà sí 100 yẹn. Àwọn charter kan wà ní Texas níbí tí wọ́n fi í ṣe òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gba ìwé-ẹ̀rí àfi bí yunifásítì kan bá ti gbà á. YES Prep tó bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí ní 1998 ti wà lára wọn. Òfin náà lè ran ọmọ lọ́wọ́, n kò bá a jà. Àmọ́ bí ẹ bá dúró sí èbúté òdìkejì odò tí ẹ ń ka àwọn tó gúnlẹ̀, ṣé ẹ máa rí ẹni tí kò gúnlẹ̀ ni?

Ní New York, Success Academy ṣí ilẹ̀kùn ní Harlem ní 2006. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní wọn lọ́dún yẹn jẹ́ 73. Nígbà tó di 2018, tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ parí girama, àwọn 16 ló wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde. Gbogbo àwọn 16 ni yunifásítì gbà. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé wọn kì í gba ọmọ tuntun mọ́ lẹ́yìn kíláàsì kẹrin nígbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ àga tó bá ṣófo, ó ṣófo náà nìyẹn. Kí n má ṣe purọ́ mọ́ wọn o: àwọn ẹbí máa ń kó kúrò ní àdúgbò, ọmọ sì máa ń fi ilé-ìwé ìjọba lásán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé-ìwé àdúgbò kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó dé láàárín ọdún, ì báà jẹ́ oṣù kẹta, ì báà má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Ohun tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ tí KIPP ṣe lórí ara wọn ní 2011. Wọ́n wá àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó parí kíláàsì kẹjọ lọ́dọ̀ wọn kàn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó gba oyè yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Kíláàsì kẹjọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà. Wọn ò dúró de ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde. 33 nínú 100 ló gbà á. Bí ẹ bá gbé 33 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 100 ara ògiri, ẹ ó ní wọ́n kùnà. Àmọ́ nínú àwọn ọmọ tálákà jákèjádò Amẹ́ríkà nígbà yẹn, bíi 8 nínú 100 ló ń gba oyè náà. Nǹkan ńlá wá ni 33 di. Nọ́ḿbà kan náà ni o. Irú ọmọ tí ẹ gbé e tì ló yí ojú rẹ̀ padà.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń mọ ọmọ tálákà? Oúnjẹ ọ̀sán. Bí owó tó ń wọlé fún ẹbí kò bá ju ìlọ́po 1.3 ààlà òṣì tí ìjọba là sílẹ̀, ọmọ ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́. Títí dé ìlọ́po 1.85, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san. Láti 2014, ilé-ìwé tí òtòṣì bá pọ̀ níbẹ̀ níbikíbi ní Amẹ́ríkà lè bọ́ gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láìgba fọ́ọ̀mù. Ó dára fún ikùn, ó da ìṣirò rú. Ìgbéraga tiwa náà sì wà ńbẹ̀: mo mọ ilé tí ìyá ti fa fọ́ọ̀mù oúnjẹ ya, ó ní ọmọ òun kì í ṣe alágbe.

Ẹ wo Arizona. Ilé-ìwé charter BASIS Scottsdale ni ìwé ìròyìn U.S. News fi ṣe ipò kìíní nínú gbogbo ilé-ìwé girama ìjọba ní Amẹ́ríkà ní 2017. Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ níbẹ̀ náà, kò sí ìdánwò àbáwọlé. Ṣùgbọ́n BASIS kì í fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ nígbà náà. Ìyá tó ń wọ iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí kò ní mọ́tò, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ dé Scottsdale? Àwọn ọmọ ìran Éṣíà àti òyìnbó ló kún ibẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ ìran Látìn Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má gbọ́ mi bí ẹni tó ń bú charter. Joshua Angrist, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ tí gègé mú ní Boston wé àwọn tí kò mú. Òbí tibí tọ̀hún ló sá eré, oríire nìkan ló yà wọ́n. Àwọn tí gègé mú ló yege jù, pàápàá nínú ìṣirò. Boston nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ CREDO ní Stanford wo ìpínlẹ̀ 15 àti Washington, D.C., ní 2009, charter 17 nínú 100 ló ta ilé-ìwé ìjọba yọ nínú ìṣirò; 37 ló burú jù wọ́n lọ; ìyókù kò yàtọ̀.

Ó kan àwa náà. Nínú ìwé èsì tí ìjọba Texas ń gbé jáde lórí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo aláwọ̀ dúdú sí. Ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú ní oko òwú Texas, ọmọ nọ́ọ̀sì tó ti Ìbàdàn wá, ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́ àwọn ará Kóńgò tí ogun lé kúrò nílé: nọ́ḿbà kan. Ó lé ní ìdajì àwọn àgbà ọmọ Nàìjíríà nílẹ̀ yìí tó ní oyè yunifásítì. Bí ilé-ìwé bá ń yangàn pé àwọn ọmọ dúdú wọn ń ṣe dáadáa, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bèèrè irú wọn. Bí inú wa bá sì ń dùn pé “tiwa yàtọ̀,” ẹ rántí pé físà ti ṣà wá kí ilé-ìwé kankan tó kan ọmọ wa.

Àwa náà ń dá kún un: fọ́ọ̀mù kan tí ilé-ìwé ń fún yín ń bi yín ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ “Yorùbá,” wọ́n gbọ́dọ̀ dán ọmọ wò nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń kọ “English,” kí wọ́n má baà ka ọmọ mọ́ àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ máa wojú ara yín o.

Bàbá tó fi àwòrán hàn mí yẹn padà lọ bá ilé-ìwé náà. Ó bi obìnrin tó wà nídìí tábìlì pé ọmọ mélòó ló bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹsàn-án pẹ̀lú àwọn tó ń jáde yìí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba nọ́ḿbà fóònù rẹ̀, ó ní àwọn á pè é. Kí n tó gun orí pèpéle yìí ni mo bi í léèrè. Wọn ò tíì pè é.