Àgbò Tí A Kò Gbọdọ̀ Tà



Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ àgbò a máa di ọ̀rọ̀ ńlá ní Libreville, olú-ìlú Gabon. Àwọn ará wa tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, ní Kalikak àti ní àwọn àdúgbò mìíràn, mọ̀ pé púpọ̀ nínú àgbò tí wọ́n ń rà ni a ti òkèèrè kó wá, pàápàá láti Kamẹrúùnù. Owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè alágbàtà ni oníbàárà ń san pọ̀ mọ́ owó ẹran. Ilẹ̀ tí òjò kò wọ́n báyìí, èé ṣe tí kò fi lè sin àgùntàn tirẹ̀ tó?

Igbó fúnra rẹ̀ wà lára ìdáhùn. Igbó ni ó bo ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ Gabon, inú irú igbó bẹ́ẹ̀ sì ni eṣinṣin tsetse ń gbé, èyí tí ń kó àìsàn sí ẹran ọ̀sìn lẹ́jẹ̀. Àgùntàn gíga ti ilẹ̀ Haúsá àti ti etí aṣálẹ̀, irú Balami àti Uda, kì í pẹ́ kí ó tó rù níbẹ̀. Àgùntàn kúkúrú ti ilẹ̀ igbó wa, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Djallonké, kò tóbi. Ọ̀pọ̀ abo rẹ̀ ni kì í tó 30 kílò. Ṣùgbọ́n ó lè fara da àìsàn náà, kí ó sì máa bímọ, kódà kí ó bí ìbejì. Nítorí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó màlúù N'Dama wọ Gabon ní àwọn ọdún 1980.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá agbo àgùntàn ẹlẹ́ran sílẹ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa ti inú rẹ̀ ra akọ, abo ilé ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ akọ ni ó le.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ọmọ àgbò mẹ́ta dàgbà nínú agbo kan. Èyí tí ó yára sanra, tí àyà rẹ̀ gbòòrò, òun ni alágbàtà kọ́kọ́ rí, òun ni a sì fà lọ sí ọjà Iléyá. Èyí tí kò sanra, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ni ó ṣẹ́kù pẹ̀lú àwọn abo, òun ni yóò sì di bàbá gbogbo ọmọ ọdún tí ń bọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, tí a wá ń ráhùn pé àgùntàn wa kéré, ta ni a fẹ́ bá wí? N kò sọ pé ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ká lára kò gbọdọ̀ ta ẹran rẹ̀. Kí ó ta ìkejì.

Ní Côte d'Ivoire, láti 1983, ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ láti yí àṣà yìí padà. Wọn kò wá àgbò lọ sí òkè òkun. Inú agbo àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á. Wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kó àwọn akọ tí ó bá yọrí ní nǹkan bí 80 ọjọ́ lọ sí ibùdó kan, kí a lè bọ́ wọn bákan náà títí wọn yóò fi pé ọdún kan. Àwọn tí ó bá tayọ ni a ń dá padà fún àgbẹ̀ láti fi ṣe akọ agbo.

Òṣùwọ̀n ni gbogbo agbára ètò yìí, nítorí ojú lásán a máa tan ni. Ọmọ tí ó dá nìkan mu ọmú yóò tóbi ju ìbejì lọ. Ṣùgbọ́n ìbejì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba lè sàn jù ú lọ, nítorí ọmú àjọmu ni ó fi dàgbà, abo tí ń bí méjì ni ó sì bí i. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè rántí èyí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan yan àdàlù. Ní Nungua, ní Ghana, oko Yunifásítì pa abo ilé pọ̀ mọ́ àgùntàn Persia olórí dúdú. Ní Vogan, ní Togo, àgùntàn etí aṣálẹ̀ ni a pa pọ̀ mọ́ ti ilé, ọmọ wọn sì tóbi ju Djallonké lọ. Èyí dára fún ẹni tí ó ní oúnjẹ àti oògùn tó. Bí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá pọ̀ jù, ìfaradà ń dín kù.

Àrùn kata kò mọ ẹran rere yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ní 2011, ó pa ọ̀pọ̀ àgùntàn àti ewúrẹ́ ní Aboumi, ní gúúsù ìlà-oòrùn Gabon. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, èyí tí a gbòòrò lò jù sì ti inú kòkòrò àrùn tí a rí lára ewúrẹ́ kan ní Ìbàdàn ní 1975 wá. Ẹ gún un kí ẹ tó ra àgbò olówó iyebíye.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, kí akọ náà má bàa gun àwọn ọmọ tirẹ̀, kí aládùúgbò méjì ṣe pàṣípààrọ̀ akọ wọn. Oyún àgùntàn jẹ́ oṣù márùn-ún péré. Bí a bá dá àgbò kan dúró ní Iléyá yìí, ọmọ rẹ̀ yóò ti máa jẹko kí òmíràn tó dé.