Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Dúró Dè Wọ́n Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ẹ wo ìdí ìlù wa. Nígbà kan, àwọn ọmọkùnrin a máa du àyè níbẹ̀. Lónìí, àwọn bàbá tí irun wọn ti funfun ló ń lùlù láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò kúrò ní àdúgbò. Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ń tẹ fóònù. Òmíràn ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òmíràn ń ta omi tútù nínú bọ́ọ̀sì. Òmíràn sì wà tí a mọ àwọn tó ń bá rìn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Ní Salvador yìí, bí ọmọ dúdú bá pẹ́ níta, ìyá rẹ̀ kì í sùn. Kò sí ìyá kan níbí tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún.

A máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní ìtẹríba. A ní fóònù ló gbà wọ́n, a ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló lọ bẹ̀ wọ́n wò nínú wa?

Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ọmọ ọdún 16 kan wà tó ń bá wa lùlù. Ìgbà mẹ́ta léraléra ni a ṣọdún tí a kò rí i. Nígbà tó dé, a bá a wí lójú gbogbo ènìyàn, a bi í ní ìdí tí aṣọ rẹ̀ kò fi funfun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde, kò sì padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń ru sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè jẹun. A bi í léèrè aṣọ, a kò bi í léèrè oúnjẹ.

Ojú tì wá. A lọ sílé wọn. A ní kó lọ sí CRAS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ran ìdílé lọ́wọ́ ní àdúgbò. Ó dá lọ. Wọ́n ní kó mú ìwé ìbí wá, ìwé náà sì ti bá àgbàrá òjò lọ. Ó padà sílé, kò tún lọ mọ́. Ibẹ̀ ni a ti kọ́gbọ́n: ọmọ tí a kàn ní kó máa lọ, bí ẹni tí a lé ni lójú tirẹ̀. Nígbà kejì, ẹ̀gbọ́n kan láti ilé wa bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ìwé ìbí, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò lówó. Wọ́n forúkọ ìdílé sílẹ̀ nínú Cadastro Único. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká ní ọmọ náà dá wà ni, ọjọ́ kejì ni ìbá ti sú u.

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn wà, a kò kàn án ni. Ní CRAS, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń jíròrò. Láti ọdún 2024, ètò Pé-de-Meia ń fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí ìdílé rẹ̀ wà nínú Cadastro Único ní 200 reais lóṣù, bí kò bá pa kíláàsì jẹ ju bó ti yẹ lọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá yege, 1,000 reais tún wọ àpamọ́ rẹ̀, yóò sì gbà á nígbà tó bá parí. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gba ọ̀dọ́ láti kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ 14 sí 24. Ọmọ tí ọlọ́pàá bá mú, Defensoria Pública ń fún un ní agbẹjọ́rò láìgba kọ́bọ̀.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé iṣẹ́ ilé òrìṣà nìyí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Aninha, tó dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kàwé gboyè kí wọ́n sì máa sin Ṣàngó. Lórí ilẹ̀ ilé náà ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Eugênia Anna dos Santos, wà. Ní Curuzu, Ìyá Hilda Jitolu ṣí ilé ẹ̀kọ́ nínú ilé òrìṣà rẹ̀ ní 1988. Àwọn ìyá wa kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà láàárín ọdún 14 sí 24, èyí tó ń wá àti èyí tí kò wá mọ́. Èkejì, kí àgbà méjì mú ọmọ kan, kí wọ́n lọ sílé rẹ̀, kí wọ́n sì bá a dé ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta, kí á ṣí àgbàlá wa ní Sátidé fún ìlù kíkọ́, kí á pe òṣìṣẹ́ CRAS wá bá wa jẹun. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọmọ kankan bóyá yóò ṣe òrìṣà. Igba ènìyàn ní í wo ọmọ. Kò sí èyí tó gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè owó iṣẹ́.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kò tíì padà sídìí ìlù. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ń lọ. Nígbà tí a ṣọdún Ògún, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká. Kò sí ẹni tó bi í léèrè aṣọ. A gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, a sì jókòó tì í.

Ìwé àti gègé wà lórí tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé láìkọ orúkọ sílẹ̀. Kí òrìṣà bá wa ṣọ́ wọn o. Àṣẹ.