Ìjánu Ọjà, Ìjánu Oyè

Ìbéèrè tí ètò tòní gbé kalẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó ń dá ọwọ́ ènìyàn dúró nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó?

Nígbà tí ó jẹ́ pé owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ a máa pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, a sì bá tirẹ̀ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó kó sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò ka owó sílẹ̀, yóò sì gbé iṣu rẹ̀ lọ. Àwọn kan sọ pé ìbẹ̀rù ààlè ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tí ó bá jalè ti ba orúkọ agboolé rẹ̀ jẹ́: ta ni yóò fi ọmọ fún wọn, ta ni yóò gbà á sí ẹgbẹ́ èésú? Nínú èésú, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó owó lè sá lọ, kò sì sí ìwé tí a ó fi mú un. Orúkọ rẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. (Àṣà yìí bá àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, ní Trinidad, “susu” ni wọ́n ń pè é di òní.)

Ti oyè le ju ti ọjà lọ. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, òfin ká Aláàfin lọ́wọ́ kò. Bí ó bá ṣàṣejù, Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, lè kéde pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Ọba yóò sì ṣígbá wò. Ta wá ni ń ṣọ́ Baṣọ̀run? Àwọn àgbà Ògbóni ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ kan ti wí, àti ìtìjú òun fúnra rẹ̀. Ìtìjú yìí ni kò sí lára Gáà, tí ó jẹ Baṣọ̀run ní nǹkan bí ọdún 1754. Ó fi ẹ̀tọ́ oyè rẹ̀ pa ọba kan tẹ̀lé òmíràn. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé 130 ọjọ́ péré ni Awọ́nbíojú lò lórí ìtẹ́. Àwọn ọmọ Gáà sì tàn káàkiri ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ààfin. Kò sí òfin kan tí a pa rẹ́ ní Ọ̀yọ́ láàárín 20 ọdún náà. Ìjánu ni ó já.

Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà, Ọ̀yàbí tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ràn án lọ́wọ́. Ọjà tún gbòòrò. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ti rí i pé ọba ṣeé kọ̀ láìnídìí. Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún, Awólẹ̀ gorí oyè. Kakaǹfò mìíràn, Àfọ̀njá ti Ìlọrin, sì ṣọ̀tẹ̀ sí i.