Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ìṣẹ́ Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

  

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀rọ ayélujára ṣe lè gbógun ti ìṣẹ́ ní irú ìlú tiwa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Apá tí iṣẹ́ báǹkì jẹ́ kí á mọ̀ dunjú ni a ó mú níbẹ̀, ìyẹn owó inú fóònù. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fúnra rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ owó náà mú ni yóò jàǹfààní rẹ̀.

Kí fóònù alágbèéká tó dé ní 2001, bí ọmọ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ láti Èkó sí ìyá rẹ̀ ní Kòmú, yóò dì í sínú ìwé, yóò fún awakọ̀, yóò sì máa gbàdúrà. Ẹni tó lówó ní báǹkì ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí. Owó ọkọ̀ ti lọ, iṣẹ́ oko ọjọ́ náà ti lọ, bí kò bá sì rí owó gbà, ó di ọjọ́ mìíràn. Ìṣẹ́ nìyẹn náà, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Kenya ló fi han ayé pé ọ̀rọ̀ yìí ní àtúnṣe. Ní oṣù kẹta 2007 ni Safaricom bẹ̀rẹ̀ M-Pesa níbẹ̀: fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ta ọṣẹ àti súgà ní ìsọ̀ kékeré ló ń gba owó tó sì ń san owó. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Tavneet Suri àti William Jack, ṣe ìwádìí lé e lórí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Wọ́n ṣírò pé ó yọ agbo ilé bíi 194,000 kúrò nínú òṣì, àti pé àwọn obìnrin tó tó 185,000 ló ti ibẹ̀ bọ́ sínú òwò tiwọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń bá wọn jiyàn lórí iye yìí. Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ilé tí obìnrin jẹ́ olórí rẹ̀ ló jàǹfààní jù, nítorí pé owó dé ọwọ́ obìnrin láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Nílé níbí, ẹ rántí ètò ajílẹ̀ orí fóònù ti 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Wọ́n á kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọ fóònù rẹ̀, yóò gbé e lọ bá oníṣòwò ajílẹ̀, yóò sì gba àpò méjì ní ìdajì owó. Èrò náà dára, torí ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ àwọn alágbára ni ajílẹ̀ ìjọba máa ń há sí. Ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, àtẹ̀jíṣẹ́ kò wọlé, àgbẹ̀ á dúró títí. Nígbà tí ìjọba yípadà ní 2015, ètò náà kò pẹ́ tó fi wọlẹ̀.

POS ni tiwa tó dúró. 2013 ni Báǹkì Àpapọ̀ gbé òfin aṣojú báǹkì jáde, lónìí ọ̀dọ́ kan lábẹ́ agboòrùn ni báǹkì púpọ̀ nínú wa. A kò ní bú wọn o. Àmọ́ ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà. Owó fúnra rẹ̀ di ọjà: ní ìlú púpọ̀, ẹni tó fẹ́ gba ₦10,000 ń fi ₦2,000 sílẹ̀, nígbà mìíràn ₦3,000. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó ní kí á máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún náà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi fóònù san owó san díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ san gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń dà wá láàmú jù bí kò ṣe ìyá tó wé káàdì ATM rẹ̀ pọ̀ mọ́ bébà tí a kọ PIN sí, tó na méjèèjì sí ẹni tó bá jókòó ti ẹ̀rọ. Bí a bá bi í léèrè, á ní, "Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n." Ọmọ náà wà ní Ìbàdàn. Ìyá yìí kò mọ iye tó wọlé, kò mọ iye tó jáde, kò sì lè ka alẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ń dá àjọ, ó mọ iye ọjọ́ tó dá, ó sì mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. A wá sọ ọ́ di aláìmọ̀ nídìí owó tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn báyìí. Nọ́ńbà àkáǹtì, oní-10, dà bí orúkọ agboolé: ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. BVN, oní-11, dà bí ilà ojú: báǹkì fi ń mọ̀ pé ìwọ ni, má kà á fún àjèjì lórí fóònù. PIN, oní-4, ni kọ́kọ́rọ́ iyàrá. Òṣìṣẹ́ báǹkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ti àwọn olóko kaṣú yàtọ̀ díẹ̀. Fóònù lè sọ iye tí kaṣú ń lọ ní Ìbàdàn láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà òjò? Ó ti ta kaṣú rẹ̀ kí igi tó so. Ẹ̀yáwó olówó pọ́ọ́kú ni yóò tú u sílẹ̀, báǹkì kì í sì í yá ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Bí owó irè bá ń gba inú àkáǹtì rẹ̀ wọlé, ó ti ní ẹ̀rí kan tó lè gbé kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò. Ní ọjọ́ ọjà mẹ́rin tó ń bọ̀, àwa mẹ́fà tí a mọ iṣẹ́ yìí yóò jókòó sọ́jà láti aago mẹ́jọ àárọ̀, a kò ní gba kọ́bọ̀. A ó kọ́ àwọn ìyá àti bàbá wa bí wọ́n ṣe ń wo iye owó wọn lórí fóònù oníbọ́tìnnì, bí wọ́n ṣe ń yí PIN padà, àti bí wọ́n ṣe ń ti síìmù pa kí olè má lè lò ó nínú fóònù mìíràn. Ẹ fi ₦100 sórí síìmù yín kí ẹ tó wá, nítorí láti oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì méjì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, tí PIN ìyá yín wà lọ́wọ́ yín, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ sọ fún wọn pé a ń bọ̀.