OORE ṢÍṢE ÀTI ÀLÀÁFÍÀ ARA

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ìfilọ́lẹ̀ mọ́sálásí)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Alága wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin Imáámù àti àlùfáà, Bàbá Àdínì, Ìyá Àdínì, ẹ̀yin àlejò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, àti gbogbo jàmáà Ọ̀yọ́: àsàláámù àlékúmù wàráhúmátúláhì wàbàrákátúhù.

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró ti ẹ̀sìn Ọlọ́hun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: oore tí a ń ṣe fún ẹlòmíràn, kí ni ó ń ṣe fún ara tiwa?

Bí a bá pàdé, a máa ń ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà ti wọ èdè wa, ìlera ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó bèèrè àlàáfíà aládùúgbò rẹ̀ ti bèèrè ìlera rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù ni pé kí ó dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ànọ́bì wa Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé oríkèé ara kọ̀ọ̀kan ló ní sàárà tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ka díẹ̀ nínú wọn: kí a ṣe ẹ̀tọ́ láàrin ẹni méjì, kí a bá ènìyàn gbé ẹrù rẹ̀, kí a sọ ọ̀rọ̀ rere, kí a mú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lọ́nà. Kò sí owó nínú gbogbo èyí. Tálákà lè ṣe é.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2003, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde lórí tọkọtaya àgbàlagbà 423 tí wọ́n tọpa fún ọdún 5. Àwọn tó ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò kú tó àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì British Columbia ní Kánádà jábọ̀ lórí àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n fún lówó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfúnpá àwọn tó ná an fún ẹlòmíràn wálẹ̀ ju ti àwọn tó ná an fún ara wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí da oògùn dókítà nù o. Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì máa ṣoore.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1907 ni àwọn ìjọ Baptist ti ń tọ́jú aláìsàn, Mùsùlùmí àti Kristẹni, níbi tó ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen. Dókítà a máa fúnni lóògùn, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń gbé abọ́ oúnjẹ wọ wọ́ọ̀dù. Ta ni yóò gbé e fún ìyá arúgbó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó? Níhìn-ín l'Ọ́yọ̀ọ́, iná jó ọjà Àkẹ̀sán ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá oníṣòwò tó pàdánù ọjà rẹ̀ jókòó lóru tí oorun kò kùn ún. Aládùúgbò ló lè ṣe ìyẹn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lónìí a ó dá owó, a ó sì pe orúkọ olówó. Ó dára. Ṣùgbọ́n Súrátù Mọ́únù kìlọ̀ fún ẹni tó ń kírun ṣe ṣekárími, tó sì ń fi ìrànwọ́ kékeré du ẹlòmíràn. Bí bíríkì bá dúró tán tí a kò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn láàrin wa, ilé lásán la kọ́.

Nítorí náà, àbá mi rèé. Bí àyè ẹnìkan bá ṣófo nínú sàfù fún Jímọ̀ méjì, kí ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ó má lọ lọ́wọ́ òfo bí ó bá ní. Bí kò bá ní, kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní oore kì í gbé. Ara aláìsàn yóò yá, ara ẹni tó lọ kí i náà yóò sì le.

Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ wa ní ìbádà, kí Ó parí mọ́sálásí yìí lójú ẹ̀mí gbogbo wa, kí Ó sì fún wa ní àlàáfíà. Àmín. Wàsàláámù.